Awò Tí Baba Rẹ Fi Ń Wo Òṣùpá Ti Ṣú

Danu ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Surabaya. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ò gbẹ̀mí lẹ́nu rẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò ba ojú rẹ jẹ́. Lastri àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ó ń ké bí ẹni tó ń polówó ẹja. Èmi ṣì ni alága àwọn obìnrin oníyọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo sì fi lẹ́tà yìí rán nítorí àwọn onílẹ́tà ń fà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Awò gígùn tí baba rẹ fi ń wá òṣùpá àwẹ̀ fún gbogbo abúlé ti ṣú. Òun nìkan ló ń wò ó tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ẹni tó bá fojú sí i, òṣùpá á máa yọ́ bí ọṣẹ nínú omi. Kiai Mahfud, imáàmù wa, ní ká fara balẹ̀. O mọ̀ pé mo kọ́ ẹ̀kọ́ òwò fún oṣù mẹ́ta ní Pacitan, wọn ò sì kọ́ wa ní ìfarabalẹ̀ níbẹ̀. Ni mo bá pín iṣẹ́ fún ọjọ́. Lọ́jọ́ Ajé mo fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ó ṣì ṣú, ó wá ń rùn. Lọ́jọ́rú Lastri fi fóònù kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Kí n tó mí, ọ̀gbẹ́ni kan ti dáhùn pé òun mọ bó ṣe ń ṣe mí, kí n ṣe sùúrù. Inú mi dùn sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un, títí kan bí baba rẹ ṣe kú. Ó tún ní òun mọ bó ṣe ń ṣe mí, kí n ṣe sùúrù. Mo bi í bóyá ó ní ìyàwó, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ òun náà débi tí kò fi mọ ohun tó ń sọ mọ́, mo gbàdúrà fún un, mo fi í sílẹ̀.

Lánàá mo pe Kuntoro tó ń ṣe dígí ojú lọ́jà. Ó dé nírọ̀lẹ́, ìdajì òṣùpá ti wà lókè. Ó yẹ kókó tí wọ́n ń yí kí ọrùn awò lè wọlé tàbí kó yọ síta wò, èyí tí baba rẹ fi téèpù dì pinpin. Ó bi mí bóyá baba rẹ máa ń bọ́ dígí ojú rẹ̀ kó tó wo awò náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orí fìlà ló ń fi kọ́. Nígbà tó gbọ́ nípa ọṣẹ àti ẹja, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó mà ku díẹ̀ kí n fi ata sí awò olówó iyebíye. Ojú rẹ̀ wá yí padà.

“Ìyá, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìwọ̀n ojú ọkọ yín ni wọ́n yí i sí. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.”

Ó mú dígí kan nínú àpótí rẹ̀, ó fi sí mi lójú, ó ní kí n wo inú awò. Danu, òṣùpá mọ́ kedere, mo rí gbogbo kòtò ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi gbé pọ̀, n kò fìgbà kan bi í léèrè ohun tó ń wò.

Kiai ní ká tú téèpù náà, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́ṣẹ́ kí òṣùpá àwẹ̀ tó dé. Òótọ́ ló sọ. Ohun èlò tí òkú nìkan lè lò kì í ṣe ohun èlò. Mo ti fọwọ́ sí i pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú sísọ́ọ̀sì tí mo gbé e padà.

Kuntoro ṣí ìwé tó ń kọ nọ́ńbà dígí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Nọ́ńbà dígí rẹ àti ti baba rẹ, ọ̀kan náà ni. Ìwọ nìkan lo lè fi ojú lásán ríran níbi tí baba rẹ yí i sí. Nígbà tí o dé fún ìsìnkú, wọ́n ti bo ibojì, o ò rí ojú rẹ̀. Òkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Ti awò yìí, mo lè dì í mú di Jímọ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tí o ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, fi ti oṣù yìí wọ bọ́ọ̀sì. Bó bá ṣẹ́kù, ra aṣọ òtútù fún ọmọ Lastri. Bí o bá dé, bọ́ dígí rẹ, fojú sí awò náà, pẹ́ níbẹ̀ bó ti wù ọ́. N kò ní máa pè ọ́ pé oúnjẹ ń tutù, bí mo ti máa ń pe baba rẹ.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ délé.

Ìyá rẹ,
Ngatiyem