Ilé Iṣẹ́ Irin Yín àti Yàrá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú àìráyè. Ara wa le níbí, àfi eékún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún nígbà tí iṣẹ́ bá wà, tí kì í sì í dùn ún mọ́ tó bá rí ẹni tó fẹ́ bá jà. Ọlọ́run tó ń bá ọ jáde láàárọ̀ yóò máa bá ọ wọlé, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Àmín.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́, àti ìwé aláwòrán tí ilé iṣẹ́ yín tẹ̀ jáde. Awakọ̀ tó gbé e wá ní kí ó má baà ká ni òun ṣe fi ìdí jókòó lé e láti ìlú yín títí dé ọ̀dọ̀ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ká lóòótọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù ìyá rẹ ti kún. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní kí ó pa àwọn nǹkan àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́, ìyá rẹ ní kò sí èyí tó ṣeé pa rẹ́. Mo bá a wò ó, ohùn rẹ ni gbogbo ẹ̀, mọ́kàndínlógún, nínú mẹ́rìnlá nínú wọn ni o ti ń sọ pé o wà nínú ìpàdé, pé o máa pè wá padà. Ó máa ń jókòó tì í, á máa gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn yàtọ̀, pé nínú ìkẹsàn-án o ní ọ̀fìnkìn.

Ní ti pé o kò tún lè wá lọ́dún yìí, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ọ̀gá yín ti sọ pé kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yín àfi tí nọ́mbà kan bá gòkè. O ní tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ irin ń lo ohun tó ní dáadáa, á ka gbogbo ọjà tó tà lọ́dún, á wá fi iye gbogbo dúkìá rẹ̀ pín in, ilẹ̀, ilé, ọkọ̀, ẹ̀rọ, ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin, títí dé irin tó ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì tà. O ní ní ti yín, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí dúkìá yín tó, ọgọ́ta péré ni ọjà ń mú wọlé lọ́dún, nítorí pé ìléru tuntun tí ẹ fi owó ńlá rà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ọ̀gá wá ní títí ẹ ó fi dé ọgọ́rin, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ilé létí òun.

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ẹni tó ti lu irin fún ogójì ọdún, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ irin ṣòro fún un. Mo sì ti rí ibi tí ẹ ti ń ṣe àṣìṣe. Tó bá jẹ́ dúkìá lẹ fi ń pín ọjà, ẹ jẹ́ kí dúkìá kéré. Nínú àwòrán tó wà ní ojú ìwé kẹrin, níbi tí ẹ ti ń ṣèpàdé, mo ka àga méjìlélọ́gbọ̀n, èèyàn mọ́kànlá ló jókòó. Ẹ ta mọ́kànlélógún. Sọ fún ọ̀gá yín pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ, kì í ṣe ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán.

Olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ló bá mi ka ìwé aláwòrán náà. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ní sí, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n rọra kà á. Wọ́n ka ilẹ̀, wọ́n ka ilé, wọ́n ka ẹ̀rọ, wọ́n ka ọkọ̀ akẹ́rù, mo ń retí orúkọ rẹ. Wọ́n kà á tán, n kò gbọ́. Mo ní kí wọ́n tún un kà, bóyá wọ́n ṣèèṣì kọ ọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Olùkọ́ ní, Bàbá, wọn kì í kọ èèyàn síbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ọmọ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, tí ilẹ̀ kì í mọ́ bá nílé, wọn kò tiẹ̀ kà á mọ́ kẹ̀kẹ́ akérùpẹ̀! Mo ti mú bírò láti kọ̀wé sí ọ̀gá yín nígbà tí ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àṣé kì í ṣe tiwọn. Ó ní tí kì í bá ṣe tiwọn, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Mo wá rò ó pé kí n tó máa gba ọ̀gá yín nímọ̀ràn, ó yẹ kí n ṣírò tèmi ná. Nítorí pé n kì í kọ ọjà sílẹ̀, mo sọ gbogbo nǹkan di ọkọ́, torí ọkọ́ ni mo mọ iye rẹ̀ lójú àlá. Owú tí mo jogún, tí mo ń lu irin lé, ẹwìrì tí mo fi ń fẹ́ iná, tí mo ti lẹ̀ lójú mẹ́ta, òòlù, ẹ̀mú mẹ́rin tí ọ̀kan nínú wọn kì í pa ẹnu dé mọ́, gbogbo rẹ̀ kò ju owó ogún ọkọ́ lọ. Àdá tí mo tà lọ́dún tó kọjá, àáké, irin ìlẹ̀kùn, ọkọ́ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó ogóje ọkọ́. Mo pín in. Ọmọ mi, ìlọ́po méje! Tiyín kò pé ẹyọ kan! Mo lọ sọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà pé àgbẹ̀dẹ mi ń lo dúkìá ju ilé iṣẹ́ irin ńlá lọ. Ó ní ṣé ìdí nìyẹn tí mo fi ní ṣòkòtò iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìlara ni.

Ọjọ́ méjì péré ni mo fi yangàn. Olùkọ́ ní irin iṣẹ́ mi ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ló jẹ́ kí nọ́mbà náà sanra. Wọ́n ní mo sì gbọ́dọ̀ ka ilé mọ́ ọn, nítorí inú pálọ̀ ni mò ń kó ọjà sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń jókòó. Ilé jẹ́ owó ọ̀tàlélúgba ọkọ́. Tí a bá fi ogún ti àgbẹ̀dẹ kún un, ó di ọ̀rìnlélúgba. Fi pín ogóje. Ìdajì! Mo bọ́ sábẹ́ yín pátápátá. N kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá rìn yí ilé ká láti mọ ibi tí àìsàn náà wà. Ilé ìdáná ń ṣiṣẹ́. Pálọ̀ ń ṣiṣẹ́, àdá kún inú rẹ̀ débi pé àlejò ń fẹ̀gbẹ́ wọlé. Yàrá wa ń ṣiṣẹ́, arúgbó méjì ń sùn níbẹ̀. Ó ku tìrẹ. Ibùsùn rẹ, tábìlì rẹ, páálí ìwé rẹ, aṣọ ilé ìwé rẹ tó ṣì so rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin rèé tí ẹnikẹ́ni ti sùn níbẹ̀ kẹ́yìn, síbẹ̀ gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ ń ká aṣọ orí ibùsùn tí ẹnì kan kò sùn lé, á fọ̀ ọ́, á sá a, á tún tẹ́ ẹ padà. Mo fi sùúrù sọ fún un pé yàrá yìí ni ìléru tuntun ilé wa, pé ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó ní kí n má pe yàrá ọmọ òun ní ìléru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí aránṣọ tó wà ní ìkóríta fi wá bá mi. Onílé fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé a ní yàrá tó ṣófo. Ó ní òun máa gbé ẹ̀rọ méjì síbẹ̀, òun á máa san owó ọkọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́dún. Olùkọ́ bá mi rò ó. Ogóje àti méjìdínlọ́gbọ̀n, ó di méjìdínláàádọ́sàn-án. A fi ọ̀rìnlélúgba pín in. Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gééré! Àwa àti ilé iṣẹ́ irin yín dọ́gba, kò lé, kò dín. Orí mi wú. Mo ní kí aránṣọ wá wọn yàrá ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sì wá gba èsì ní Sátidé.

Ó mú téèpù wá. Ó wọn ojú fèrèsé, ó wọn ibùsùn, ó ní tí a bá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá rẹ lọ sí ilé ìdáná. Ó gbé àga wá, ó gbé e sí àárín ẹnu ọ̀nà náà gan-an, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì. Aránṣọ ní, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Ó ní ibùsùn yẹn kò ní gba ẹnu ọ̀nà kọjá títí ẹni tó ni ín yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò bọ̀ mọ́. Aránṣọ wo ojú mi, èmi wo téèpù. Ó wá rí aṣọ ilé ìwé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó béèrè bóyá ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé. Ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa tó jáde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ìyá rẹ lọ pọnmi, mo wọ yàrá náà láti yọ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó rẹ̀ mí díẹ̀, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyá rẹ dé, ó wá mi títí, kò rí mi, ló bá mú ẹ̀mú, ó fi kan owú lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ pè mí. Ọmọ mi, àfi bíi pé orí mi ló kàn án lé. Ogiri tó wà láàárín yàrá rẹ àti àgbẹ̀dẹ kò dí ariwo kankan. N kò sùn sórí ibùsùn yẹn rí láyé mi, n kò mọ̀. Gbogbo ọdún tí o fi ń kàwé níbẹ̀, etí rẹ ni mo ń lu irin sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, o kò sì fi ọjọ́ kan sọ pé, Bàbá, ẹ rọra. O wá ń kọ̀wé báyìí pé ibi tí ò ń gbé dákẹ́ rọ́rọ́, pé o kì í rí oorun sùn dáadáa. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ tún kan owú náà, mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ ibùsùn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nígbà tí aránṣọ dé ní Sátidé, mo sọ fún un pé yàrá ti ní ayálégbé. Ó pòṣé, ó ní ta ni. Mo ní ẹnì kan ni, láti ìlú ńlá.

Nítorí náà, tiwa ṣì wà ní ìdajì. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí tiyín. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kí ọjà yín pọ̀ ló máa jẹ́ kí wọ́n fún ọ láyè, mo lọ bá oníṣòwò irin, mo ra ọ̀pá irin méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí n kò lè lò tán lọ́dún méjì. Mo bi í bóyá ilé iṣẹ́ yín ló ṣe é. Ó ní irin kò ní ilà ojú, òun kò lè mọ̀. Mo rà á bẹ́ẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi wò ó lọ́fíìsì bóyá nọ́mbà náà ti sún díẹ̀. Tí kò bá sún, kọ iye ọ̀pá tó kù kí n rà ránṣẹ́ sí mi.

Ohun tí irin náà fà ni pé kò sí owó lọ́wọ́ mi mọ́. Mi ò sì lè sọ pé kò dùn mí pé mo lé ayálégbé tó fẹ́ san owó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìwọ lo ni yàrá, ìwọ ló yẹ kí o san án: owó ọkọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, fún ọdún yìí nìkan, n kò ní béèrè ti ẹ̀yìn. Fi rán awakọ̀, sọ fún un pé kí ó má jókòó lé e.

Ṣùgbọ́n tí owó bá ṣòro, a lè gbà á lọ́nà mìíràn. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé tí o bá wá sùn sínú yàrá náà ní alẹ́ kan, kí a ka ìyẹn sí ọkọ́ mẹ́rìnlá, alẹ́ méjì á sì san ọdún kan. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, alẹ́ kan ṣoṣo ló tó, gbogbo gbèsè ti tán. A jà sí i díẹ̀. Òun ló borí.

Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń padà. Kí ọwọ́ rẹ má mọ òfo, kí ọ̀gá rẹ rí ọ bí ẹni tí wọ́n bí. Kí oorun dé ojú rẹ níbi tí o bá wà. Tó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lò ń bọ̀, má wulẹ̀ fi owó ránṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, alágbẹ̀dẹ, onílé rẹ.