Ohùn Mautin Tí Mo Gé Wẹ́wẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Màmá wá láti Ajido lónìí. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn àbúrò rẹ."

Mo tan orin tuntun tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ohùn Mautin ni mo gé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, èyí tí mo gbà sílẹ̀ kó tó kú sínú ọ̀sà. Orin yìí làwọn èèyàn fi mọ̀ mí.

"Èyí kì í ṣe Mautin. Èyí tó ti ń pè mí dà?"

Mo ti pa á rẹ́. Fóònù mi ló kún.

"Kò sí mọ́, Màmá."

Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Tún un tan. Bóyá màá gbọ́ ọ níbì kan."

Mo tún un tan. Ibi tó ti pè wọ́n ni mo kọ́kọ́ gé dànù.