Ìrẹsì Tútù Tí Ìyá Rẹ Ní Òun Kò Ní Fẹnu Kàn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn ará ibi iṣẹ́ kò dà ọ́ láàmú? A kò ní gbọ́ ohun tí etí kò fẹ́ lórí rẹ. Bí mo tilẹ̀ fi ọdún díẹ̀ péré jù ọ́ lọ, àbúrò bàbá ẹni, bàbá ẹni ni, nítorí náà tètè ṣe àmín.

Ìyá rẹ ṣì takú pé o kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ lọ ta ìrẹsì tútù àwọn ará Jàpáànù, ó ní bí o bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ owó òun? Mo ní kó tọ́ ọ wò ná, ó ní òun kì í jẹ oúnjẹ tí kò gbóná. Mo ní àfi kó jẹ ẹ́. Olórí kunkun pàdé olórí kunkun.

Mo bá gbé fóònù ka orí àpótí, mo tẹ fídíò obìnrin tó ń se é. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó dúró kí n dáná, kò dúró, kí n tó fọ ìrẹsì, tirẹ̀ ti jinná. Irú iná wo ni wọ́n ń lò ní Jàpáànù yẹn gan-an? Ó da fínígà àti ṣúgà sí i, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Èmi náà ń fẹ́ tèmi. Ìyá rẹ wọlé, ó bi mí bóyá ibà ló ń ṣe ìrẹsì náà. Mo rẹ́ kùkúmbà àti kárọ́ọ̀tì sí i, mo wọ́n yànmọ̀tí díndín lé e, mo sì bu díẹ̀ síwájú fóònù, torí a kì í gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ká má bu oúnjẹ fún un.

Obìnrin náà kò wo àwo. Inú bí ìyá rẹ gidigidi, ó ní kí ló dé tí àlejò yìí ń fojú di oúnjẹ ọmọ òun? Ó fa àwo náà sọ́dọ̀, ó ní òun kò jẹ ẹ́ o, òun kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí àwo fi mọ́, ó sì yẹ tèmi wò kún un. Ó wá ní kí o lọ máa tà á, àmọ́ agbéraga inú fóònù yẹn kò gbọdọ̀ débi ìsọ̀ rẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó abẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, tiwa ti ya. Ìrẹsì rẹ lè tutù, ọjà rẹ kò ní tutù láé.

Èmi ni Bàbá Kékeré rẹ.