Òrùlé Tí Ìyàwó Mi Rí Láti Orí Ilé Iná

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Iyanrìn òkun ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Èmi tí mi ò kàwé kọjá pírámárì tíìrì, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìbà, ìyàwó mi ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú lónìí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn àna mi ní abúlé apẹja pé ẹni tó bá gun ilé iná etí òkun wọn tó ń fi iná tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà dókè, á rí òrùlé mi. Lónìí tí a wọkọ̀ ojú omi láti Ọ̀jọ́ lọ kí wọn, àbúrò ìyàwó mi ní, "Baba Ṣadé, ẹ jẹ́ ká gùn ún, ká fojú ara wa rí i!" Gbogbo apẹja bú sẹ́rìn-ín.

Orúnkún mi ò gbà. Ìyàwó mi ní kí àbúrò òun dúró tì mí, ó ká ìró sókè, ó sì gùn ún. Mo jókòó nísàlẹ̀, mò ń làágùn.

Ló bá kígbe látòkè: "Mo rí i o! Páànù wa ti dógùn-ún, Baba Ṣadé! Ẹ kùn ún!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àbúrò rẹ̀ gan-an gbé ẹja ọ̀bọ̀kún ńlá kan fún mi.

Nínú ọkọ̀ ni mo rọra bi í, "Ìyá Ṣadé, ṣé o rí i lóòótọ́?"

"Igi àgbọn àti kùrukùru ni mo rí. Ṣùgbọ́n páànù yẹn ti dógùn-ún, ẹ ò kàn dá mi lóhùn ni."

Obìnrin yìí! Mo ti pe pẹ́ńtà. Pupa fòò ni mo ní kó kùn ún, kí wọ́n lè máa rí i látorí òkun lóòótọ́.