Ìṣó Tó Ṣófo Lókè Ibùsùn Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo sì kí ọ kú òtútù tí wọ́n ní ó máa ń dé ọ̀dọ̀ yín kó tó rántí wa. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú tí o bá dúró pẹ́ nídìí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn ti ń lọ sílẹ̀? Bí o ṣe ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ olówó, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò máa fọ ìdààmú kúrò lọ́nà rẹ. Ooru ilé ìfọṣọ kò ní jó ọ, ọṣẹ wọn kò ní bó ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ yóò rí ọ yóò rẹ́rìn-ín. Àmín.

Tí o bá béèrè àlàáfíà wa, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ti gbọ́ ìròyìn òtútù ṣáájú rédíò. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń ṣiṣẹ́. Àsìkò tí ewé ń wọ́ yìí ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ fún mi, gbogbo abiyamọ àdúgbò ló ń gbé yúnífọ́ọ̀mù wá pé kí n tú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ọmọ wọn ti ga. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ọmọ rẹ náà ti ga. Etí yúnífọ́ọ̀mù tirẹ̀, mo ti tú u dé ibi tí aṣọ parí sí.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Lọ́jọ́ tí o pè mí tí mò ń pariwo pé ṣé ìwọ nìyẹn, ṣé ìwọ nìyẹn, o ní, Màámi, kí lẹ ń pariwo sí, ibi iṣẹ́ ni mo wà, ọ̀gá ń wò mí, mà á pè yín padà. O kò tíì pè. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, torí ìwé kì í sọ pé ọ̀gá ń wo òun. Jọ̀ọ́, wá àga jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

O mọ̀ pé ilé-ìwé Kátólíìkì yìí, tí igi ńlá ọgbà wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé, ìpàdé òbí kì í tán mọ́. Sístà Àgbà, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ti kó gbogbo òbí sínú fóònù kan náà, ibẹ̀ ló ti ń sọ gbogbo ohun tó ń bọ̀ fún wa. Mi ò kì í ṣí i láìjẹ́ pé mo ti borí mi, torí bàbá àwọn ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè ilé, mo ń béèrè ọmọ, títí Sístà fi ní òun ti ṣe é kó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní ó dára, ìpàdé tó ní alága ló ń gún. Rántí ibi tí mo sọ yìí, torí ó padà kó bá mi.

Wọ́n tún ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ agolo wá fún àwọn aláìní. Mo gbé agolo ẹ̀wà kan lọ, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀. Kò pẹ́ sí i, àwọn ọmọ kíláàsì ńlá gbé páálí wá sílé pé ẹ̀bùn ni fún àwọn àgbà àdúgbò, mo ṣí i, agolo mi ló ń wò mí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti tún gbé e padà lọ, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú èmi àti wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè Ọjọ́ Ẹbí dé sínú fóònù. Sátidé tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó gba ìsinmi ni, gbogbo ọmọ yóò jókòó ti òbí rẹ̀, wọn yóò kọrin, wọn yóò gbàdúrà. Wọ́n ní kí a sọ iye ẹni tó ń bọ̀ láti ilé wa. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé wa, ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tẹ èmi, kó sì tẹ ìwọ náà. Bó ti tẹ̀ ẹ́ tán ni fóònù dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, mo fi ojú ara mi rí i. Mo pe Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kó wá wò ó pé ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ fóònù, màmá rẹ̀ ti ń bọ̀ nìyẹn. Ó kàn ń fa òwú tó yọ létí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn òkú. Sístà ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò ẹni wọn tó ti kú wá, kí wọ́n tò ó sórí tábìlì, kí wọ́n tan àbẹ́là síwájú rẹ̀. Mo yọ fọ́tò bàbá rẹ lára ògiri pálọ̀, mo nu gíláàsì rẹ̀, mo gbé e sí abẹ́ apá. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ti ṣáájú mi lọ. Mi ò wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ká ní mo wọ ibẹ̀ ni, ǹ bá má jìyà.

Mo dé ẹnu géètì, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ní o ṣeun, ọmọ mi. Bàbá rẹ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni kì í pẹ́ jù. Mo wọlé, tíṣà Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ sáré kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run yóò tù mí nínú. Mo ní ó ti tù mí nínú tipẹ́, àti pé ọkùnrin náà máa ń hanrun. Tíṣà yìí wò mí bí ẹni tó rí nǹkan àjèjì. Ìyá Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó gbé orí mi lé èjìká rẹ̀, ó ní òfò ọmọ kò dára, kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí n rí irú ẹ̀ mọ́.

Òfò ọmọ! Mo ní nínú ara mi pé obìnrin yìí ti ṣi ẹni mú, òru tó fi ń po ìyẹ̀fun ló dà á lórí rú.

Inú gbọ̀ngàn ń rùn fún àbẹ́là àti epo tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, fọ́tò kún orí rẹ̀, bàbá àgbà lóríṣiríṣi. Mò ń wá àyè tí mo lè gbé bàbá rẹ sí. Kọ́là kan ni mo kọ́kọ́ rí, kọ́là aláwọ̀ omi aró, apá òsì rẹ̀ fẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ díẹ̀, torí ẹ̀rọ mi fò lọ́jọ́ tí mo rán an. Mo ní, ta ló gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sáàárín òkú? Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú tó wà lókè kọ́là. Ìwọ ni. O ń rẹ́rìn-ín. Àbẹ́là ń jó níwájú rẹ.

Mi ò mọ ẹni tó gba fọ́tò bàbá rẹ lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ilé-ìwé ti gbọ́. Wọ́n ti gbọ́ nínú fóònù wọn, ìdí sì nìyẹn tí Sístà fi ní kí n má sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́! Gbogbo òbí ti mọ̀, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti sunkún, ìyá tó bí ọ sì jókòó sílé ń tú etí yúnífọ́ọ̀mù.

Mo jáde sábẹ́ igi. Mo tẹ bọ́tìnnì tí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fi hàn mí pé ìwọ ló wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ màmá, níbo ló lọ? Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Mo tún pè, òun náà ló tún gbé e. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ níbẹ̀, mo ní, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni ìyá rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ara rẹ̀ ṣì gbóná? Ó já a mọ́ mi létí. Mi ò tíì rí obìnrin tí kò láàánú bíi tirẹ̀ rí, tí o bá mọ̀ ọ́n níbẹ̀, má bá a ṣọ̀rẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló fà mí padà wọlé. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Sístà ń pe àwọn ọmọ jáde, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé àbẹ́là rẹ̀ sókè, yóò sọ ẹni tí òkú náà jẹ́ sí i, gbogbo ilé-ìwé yóò sì dáhùn pé, a rántí rẹ̀. Ó kan Pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Ó gbé àbẹ́là, ó ní, màmá mi ni. Gbogbo wọn dáhùn. Mò ń wo ọmọ náà, òun kò wò mí.

Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni fóònù mi dún lápò, orin tí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fi sí i, tí àdìyẹ ń ké nínú ẹ̀. Mo gbé e, mo ní ta ni. O ní, Màámi, èmi ni, mo rí i pé ẹ pè mí.

Ọmọ mi, mo pariwo. Mo pariwo lójú Sístà, lójú fádà, lójú gbogbo òkú wọ̀nyẹn. O ti já fóònù kí n tó gbádùn ohùn rẹ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ. Mo ní, ó wà láàyè! Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣubú lu bẹ́ǹṣì. Gbogbo orí ló wá yí sí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, tó dúró níbẹ̀ tí ìda àbẹ́là ń kán sí i lọ́wọ́, kò sì mira.

Sístà fẹ́ àbẹ́là náà pa. Ó mú fọ́tò rẹ lórí tábìlì, ó mú èmi àti ọmọ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo rò pé yóò nà án. Kò nà án. Ó kàn bi í pé kí ló dé. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní gbogbo ìgbà tí òbí bá ń bọ̀ nílé-ìwé lòun máa ń sọ fún kíláàsì òun pé màmá òun ń bọ̀, torí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Wọ́n ti sọ ọ́ di Purọ́purọ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn tí màmá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè, Sístà fúnra rẹ̀ ló ń jókòó tì wọ́n. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, Màmá àgbà, òkú kì í sọ pé òun ń bọ̀ kó má wá.

Sístà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, kò fi í sójú mọ́.

Inú bí mi sí ọ, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé o kò ṣeré níbẹ̀, mo mọ̀ pé oúnjẹ tí à ń jẹ, inú omi ọṣẹ yẹn lo ti ń yọ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n mo ti rí àbẹ́là níwájú ojú rẹ, mi ò fẹ́ rí i mọ́, ọmọ yìí sì ti sin ọ́ tán lọ́kàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Sístà ti fún un ní àdúrà tí wọ́n ń gbà fún àwọn òbí pé kó wá kà á sókè ní Ọjọ́ Ẹbí. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní tí ìwọ bá wá, òun á kà á. Tí o kò bá wá, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní màmá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, má pè é lórí fóònù láti ṣàlàyé, ó ti gbọ́ ohùn rẹ tó.

Ní ti owó, mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún owó òwú àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, owó awò ojú mi tí mo fi òwú so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, àti owó aṣọ tí n ó fi rán yúnífọ́ọ̀mù tuntun. Má fi ránṣẹ́. Kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí o fi wọ ọkọ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá kọ̀, sọ fún un pé fóònù ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹni méjì ni wọ́n ń retí láti ilé wa, kò sì yẹ kí a gba ọpẹ́ ohun tí a kò ṣe.

Ọ̀nà tí o máa gbà wá yóò dán fún ọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹni tí yóò wakọ̀ rẹ kò ní sùn lójú ọ̀nà. Èmi ni n ó kú fi ọ́ sílẹ̀, ìwọ kọ́ ni yóò kú fi mí sílẹ̀, láṣẹ Ọlọ́run tó jẹ́ kí fóònù yẹn dún.

Èmi ni ìyá tó bí ọ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò rẹ ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀rọ mi, mo fi àjákù aṣọ wé e. Mo fẹ́ gbé e padà kọ́ lókè ibùsùn rẹ̀, ó ní rárá, kí ẹni tó ni ojú wá gbé e kọ́ fúnra rẹ̀. Ìṣó náà ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo wọlé lọ gbálẹ̀, mo rí i pé ó ti gbé àpótí ìjókòó sí abẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ìṣó náà ga jù, pé òun rántí pé màmá òun kò ga.