Benjamin, Mi Ò Tíì Kú

Benjamin ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kutọnu? Ẹ̀kọ́ ńkọ́, ara ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ ní Atokoligbé, a ti kọ ebè tán, ewúrẹ́ wa bí méjì. Èmi náà wà láàyè. Mo ní kí n tètè kọ ìyẹn, torí ó jọ pé o kò mọ̀.

Lọ́jọ́rú, àwọn ìyá ìjọ méjì gun alùpùpù wá láti Savalou, wọ́n gbé ìrẹsì lọ́wọ́. Mo ń bẹ iṣu. Wọ́n ní ìjọ yín ní Kutọnu ló rán àwọn wá kí ẹbí olóògbé Àríyìkẹ́, ìyá Benjamin. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní rárá, olóògbé ni àwọn ń wá. Mo ní èmi náà ni! Èyí àgbà sọ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó ń pe Jésù. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé o kọ ọ́ sínú ìwé ìrànlọ́wọ́ ọmọ òrukàn ìjọ yín pé bàbá rẹ kú, ìyá rẹ kú. Bàbá rẹ kú lóòótọ́. Ta ló ní kí o fi mí kún un?

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ka ìwé díẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ní Kutọnu, gbogbo ibi ló ń dé. Ni mo bá gba ilé mẹ́ẹ̀rì lọ ní Bantè, níbi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó bóyá mo ṣì wà láàyè. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òkú kì í tò sórí ìlà. Mo ní kó ṣáà wò ó. Wọn ò kọ mí mọ́ àwọn òkú, ọpẹ́ ni. Kabirou tó ń ta bẹntiróòlù gbọ́, ó ní Ìyá Benjamin, òun tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì yìí, òun ò pa ìyá òun rí.

Bẹ́ẹ̀ àràárọ̀ lò ń gbé ẹsẹ Bíbélì sórí wásáàpù rẹ. Mò ń ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, o ti nù ún kúrò. Kí ló dé? Ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run a máa kan bí ọbẹ̀ àná ni? Èyí tó ní kí o bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ, gbé ìyẹn síbẹ̀, kí o jẹ́ kó pẹ́.

Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó. Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá ta ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n o wọ aṣọ funfun láàárín akọrin, o fi ẹnu tí o fi ń kọrin sin mí!

Lọ bá olùṣọ́-àgùntàn yín kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, kí o sọ òtítọ́. Bí o kò bá lọ, mò ń bọ̀, iwájú pátápátá ni màá jókòó sí, kí àwọn tó ṣàdúrà fún ọkàn mi lè rí mi. Fi owó alùpùpù tí mo gùn lọ sí Bantè ránṣẹ́, àmọ́ má yọ ọ́ nínú owó ọmọ òrukàn o.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Wàá fi ọwọ́ ara rẹ sin mí, ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kí n kọ́kọ́ darúgbó.

Èmi Àríyìkẹ́, ìyá rẹ.