Àtíbàbà Gàrí Tó Dojú Kọ Sàréè Bàbá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dákà níbí. Mo kí Sàbúrì àbúrò mi, mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń bá yín bó ẹ̀gẹ́ ní Ikpinlè. Ṣé ara le? Ẹnu lásán ni mo fi ń béèrè. Mo gbọ́ ikọ́ yín lórí fóònù lánàá, ẹ sì ní eruku ni. Eruku kẹ̀, nínú òjò yìí?

Ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó ní búrò níbi iṣẹ́, mo dìde, mo tún jókòó. Ọ̀gá mi bi mí bóyá èèrà wà lórí àga mi ni. Afẹ́fẹ́ òkun ń jà lójú fèrèsé, n kò sì rí ẹni tí mo lè fi èdè wa sọ ọ́ fún.

Ẹ máa ń ní iṣẹ́ mi ò yé yín. Kí wọ́n tó la ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú yóò máa sá lé, àwa ni wọ́n ń bi pé níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá níbẹ̀. A ó kó àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ ọdún púpọ̀ jọ, t'òjò t'ẹ̀ẹ̀rùn, a ó fi ya àwòrán bí ọwọ́ tó la ìka. Ìka ò dọ́gba: èyí tó gùn jù ni ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá jù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà náà yóò dojú kọ, torí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ lè ti ọkọ̀ kúrò lọ́nà. Olórí ìlú kan ní dandan, kí tiwọn kọjú sí ààfin. Afẹ́fẹ́ kì í kí ọba, la sọ fún un. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó gbà.

Àfi bí Sàbúrì ṣe fi fọ́tò àtíbàbà gàrí tuntun ránṣẹ́. Èyí tí ìjì wó, imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni, ó ṣí yíká. Sàbúrì, o ṣeun, o fi bíríkì mọ ọ́n kí ewúrẹ́ má bàa jẹ gàrí ìyá wa. Ṣùgbọ́n ìhà mẹ́ta lo dí pa! Ẹnu kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, sàréè bàbá ló dojú kọ, níhà ọ̀nà Àjàṣẹ́. Mo wo àkọsílẹ̀ agbègbè wa: ìka tó gùn jù, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ló nà sí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò ríbi jáde, ó ń da èéfín bo ìyá wa lójú.

Sàbúrì ní òun bẹ̀ yín kí ẹ bọ́ sí òdìkejì iná, ẹ kọ̀. Ẹ ní láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá, iwájú rẹ̀ lẹ ti ń yan gàrí, tí ẹ ń ròyìn ọjà fún un, àti pé aya kì í kọ ẹ̀yìn sí ọkọ. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rẹ́ yín tó ń yan gàrí nínú èéfín ní Tatonnonkon. Ta ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sọ́jà báyìí? Bí mo bá dé, mo fẹ́ kí ẹ rí mi.

Sàbúrì, jọ̀ọ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wó ògiri ẹ̀yìn. Fi ọparun ṣe ọgbà síbẹ̀ kí ewúrẹ́ má bàa wọlé, kí èéfín sì ríbi gbà. Ìyá mi, ẹ gbé àpótí yín sí ìhà ọ̀dọ̀ bàbá. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń dojú kọ afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń dáná, ẹ̀yìn ló ń kọ sí i. Tí ọyẹ́ bá wá fẹ́ láti ọ̀nà Kétu, ẹ padà, ẹ kọjú sí bàbá bó ṣe wù yín.

Kì í ṣe àfojúdi. Nígbà tí bàbá ń fi alùpùpù gbé yín lọ sọ́jà Adja-Ouèrè, ṣebí ẹ̀yìn ló kọ sí yín, ẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ẹ fi ń dé ọjà?

Kí Ọlọ́run dá ojú yín sí, kí ó wo ikọ́ yín sàn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Tí ẹ bá ti jókòó tán, ẹ bá mi kí bàbá náà. Ó ń gbọ́ yín látẹ̀yìn.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rìsìkátù